Ọmọ Tó So Okùn Mọ́ Ìjókòó: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Márùn-ún Lórí Ọ̀sà Àjàṣẹ́

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, aṣọ iléèwé àti bùbá àwọn ìyá ọlọ́jà ni mo ń rán jẹun. Àpò ìrẹsì ló gbé mi dé orí omi. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ìgbòkun ní Faransé fún ọdún mélòó kan, kó àpò ìrẹsì òfìfo wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n so wọ́n pọ̀ di aṣọ kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ kò ní lè fà ya. Mo bi í pé ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ní ọkọ̀ ni.

Bí mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ wa kéré: àgbà mẹ́fà, kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù, ọkọ̀ onígi méjì tí a máa ń yá lọ́wọ́ apẹja. Iṣẹ́ wa ni pé ká kó àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ti sú ará ilé, lọ sórí ọ̀sà fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n wa ọkọ̀, kí wọ́n ta ìgbòkun, kí wọ́n se oúnjẹ, kí wọ́n ṣọ́ ọkọ̀ lóru. Ọmọ mẹ́jọ la kó lọ ní oṣù kejì ọdún 2024. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ síbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, Àbúrò ni màá máa pè é.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń lé e kúrò nígbà gbogbo: tí ọ̀gá bá jágbe mọ́ ọn, yóò ju irinṣẹ́ sílẹ̀, yóò lọ sílé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta kpayo, epo ìgò tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, ní ìkóríta kan. Ìyẹn náà ṣì ń mówó wọlé díẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo gbówó lórí lójijì, ẹni tó ń fọkàn tán an láti fún un ní gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá láwìn kò fún un mọ́. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ata gígún, oníbàárà mi ni. Òun ló mú un wá.

"Fofo," ó ní (bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí nìyẹn, ọwọ́ àwọn Ègùn la ti gbọ́ ọ), "ẹ jọ̀ọ́, ṣé apẹja lẹ fẹ́ sọ ọmọ mi dà ni?"

Gbogbo òbí ló ń bi wá ní ìbéèrè yẹn, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ níbí. Rárá o. Lókè òkun tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń retí pé kí ọmọ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ di atukọ̀. Ìtàn tí Ẹ̀gbọ́n máa ń sọ fún wa ni ti ọdún 1941, nígbà ogun àgbáyé kejì. Kurt Hahn, olùkọ́ kan tó sá kúrò ní Jámánì nítorí Hitler, àti Lawrence Holt, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan, dá ibi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Aberdyfi ní Wales, wọ́n pè é ní Outward Bound. Ohun tó ń dun Holt ni pé tí ọ̀tá bá ri ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí agbára kún ara wọn ló máa ń tètè kú nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sá àsálà, nígbà tí àwọn àgbà tó ti fi ọkọ̀ ìgbòkun kọ́ṣẹ́ láti kékeré á ṣì máa mí. Ó gbà pé kì í ṣe agbára ló kù díẹ̀ káàtó fún àwọn ọmọ náà. Ìgboyà pé èèyàn lè fara dà á ni.

Ní ti Faransé, àlùfáà Àgùdà kan ló wà níbẹ̀, Michel Jaouen, tó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1951 fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìyà ń jẹ. Ní 1968 ó ra ọkọ̀ olópòó mẹ́ta kan tó ń jẹ́ Bel Espoir, ó ń kó àwọn tí oògùn olóró ti bà jẹ́ rékọjá òkun pẹ̀lú àwọn tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n, gbogbo wọn nínú ọkọ̀ kan náà, iṣẹ́ kan náà. Ó kú ní 2016, ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹlòmíràn tún wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ellen MacArthur, obìnrin tó fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po ní òun nìkan. Láti ọdún 2003 ni ẹgbẹ́ àánú rẹ̀ ti ń mú àwọn ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn jẹjẹrẹ lọ sórí omi. Kódà nínú eré ìdíje àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1956 láti Torquay sí Lisbon, òfin wà pé ìdajì àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 25.

Mo sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìyá Àbúrò. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ ṣáà má jẹ́ kí omi gbé e lọ."

Ọ̀nà tí a ń tọ̀ nìyí: láti etí ọ̀sà Àjàṣẹ́, a ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Aguégué tó ń gbé lórí omi, a ó bọ́ sí ojú omi tóóró tí wọ́n ń pè ní Totchè, ìyẹn ló so ọ̀sà wa mọ́ adágún Nokoué, a ó la adágún náà kọjá dé Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi, a ó sì padà. Àwọn ọmọ wa kan bèèrè ìdí tí a kò fi gba ìhà kejì, tí omi ti lọ sí Àgbádárìgì títí dé Èkó. Ààlà ni. Iye ìwé tí a ó kọ fún ọmọ mẹ́jọ kí wọ́n tó lè fi ọkọ̀ onígi sọdá ààlà ju iye àpò ìrẹsì tó wà nínú ìgbòkun wa lọ.

Oṣù kejì náà kì í ṣe àìmọ̀ọ́mọ̀ mú. Láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, omi odò Ouémé máa ń kún wálẹ̀, omi dídùn á gba gbogbo ọ̀sà, koríko olódòdó àlùkò tó ń léfòó á bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ìwọ yóò rò pé pápá ni. Ọkọ̀ kì í lè kọjá nínú ẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, tí omi iyọ̀ bá ti inú òkun gba Kútọnu wọlé, koríko náà á kú, ojú omi á là.

Ohun tí a kò lè yan ni afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ibí, láti orí òkun ló ń wá, láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Èyí ni pé tí o bá ń lọ sí Ganvié, ojú lo fi ń gbà á, tí o bá ń bọ̀ wá sílé, ẹ̀yìn rẹ ló wà. Àwọn ọkọ̀ òyìnbó ní pátákó gígùn kan lábẹ́ tó wọ inú omi lọ bí abẹ, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá wọn sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á máa wọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Abẹ́ ọkọ̀ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ náà ló ń lọ. Nítorí náà, ọjọ́ méjì gbáko, ọ̀pá ni. O dúró sí ìdí ọkọ̀, o ti ọ̀pá gígùn bọ inú ẹrẹ̀, o fi ara tì í, o fà á yọ, o tún tì í bọ̀ ọ́. Láàárín ibi tí àwọn apẹja gún igi sí fún akaja wọn, ìyẹn ọgbà ẹ̀ka igi inú omi tí ẹja ń kó sí, o ní láti mọ ibi tí wàá gbà, torí ẹni tó bá fi ọkọ̀ rún akaja onílé, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọwọ́ Àbúrò ti bó. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀. "Ẹ ní ìgbòkun lẹ fẹ́ kọ́ wa," ó ní, "ọ̀pá lẹ kó lé wa lọ́wọ́." Kò purọ́. Bàbá apẹja tó ni ọkọ̀, Ègùn ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n kì í fi ṣòfò, kò dá a lóhùn. Ó mú ọ̀pá náà, ó ń ti ọkọ̀ lọ. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé. Bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà ni Àbúrò dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ gbé e wá."

Ganvié, mi ò ní fi gùn: a dé, a sùn, àwọn ọmọ ya fọ́tò, wọ́n ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń tajà nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ ìṣọ́ lóru lọ dáadáa. Méjì-méjì ni wọ́n ń jí, wákàtí méjì-méjì. Ẹ̀gbọ́n gbà pé nínú òru yẹn gan-an ni ọmọ ti ń yípadà, nígbà tí gbogbo àgbà sùn tí ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí òkun. Lójú tèmi, ẹ̀fọn ni wọ́n bá jà ní gbogbo òru yẹn.

Ọjọ́ kẹrin ni ìgbòkun gòkè. Ẹni tí kò bá tíì gbé ọ̀pá fún ọjọ́ méjì kò lè mọ bó ṣe rí. Aṣọ tí mo rán, àpò ìrẹsì méjìdínlógún, okùn ọ̀rá, ojú abẹ́rẹ́ ìlọ́po méjì létí gbogbo, ó gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wú bí ikùn aboyún, ọkọ̀ sì dákẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn: ó dákẹ́, ó ń lọ. Àwọn ọmọ hó yèè. Àbúrò ni a fún ní okùn, ìyẹn okùn tó wà ní ìgun ìsàlẹ̀ ìgbòkun, èyí tí o fi ń fà á mọ́ra tàbí tí o fi ń dẹ̀ ẹ́.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí okùn yẹn. Bàbá ti sọ ọ́ nígbà mẹ́ta kí a tó kúrò nílé, ó sì tún un sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà: ọwọ́ ni o fi ń dì í mú, o kì í so ó mọ́ nǹkan kan. Tí afẹ́fẹ́ bá yí padà tàbí tó le lójijì, ohun kan ṣoṣo tó lè gba ọkọ̀ ni kí o tú u sílẹ̀. Okùn tí o ti so kò ṣeé tú kíá.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ní àárín Nokoué, ebi ń pa Àbúrò. Wọ́n ti rẹ gàrí. Ó wo ìwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó yí okùn náà po ìjókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìdí rẹ̀ bọ inú ara rẹ̀, ó gbé abọ́. Ó sì bọ́ jílé rẹ̀, ẹ̀wù tó ń múni léfòó, nítorí ooru.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò sọ fún ìyá rẹ̀: mo rí i. Inú ọkọ̀ kan náà la wà. Mo ń lẹ ibì kan tó fẹ́ ya lára ìgbòkun kejì, mo gbójú sókè, mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń so ó, mo ní màá sọ fún un tí mo bá fa ojú abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi yìí tán. Ojú abẹ́rẹ́ kan.

Afẹ́fẹ́ náà kò tilẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn ti ẹ̀gbẹ́ wá. Ìgbòkun gbá a mú, ọkọ̀ dà sí apá ọ̀tún, àwọn ọmọ ta gììrì, gbogbo wọn sì sá lọ sí apá ọ̀tún kan náà láti di igi mú, omi bá ya wọlé. Mo gbọ́ tí Àbúrò ń fa okùn tó so, tó ń fà á, bó ṣe ń fà á ló ń le sí i. Bàbá fò kọjá lórí mi. Ọ̀bẹ tó fi ń há ẹja ló yọ, ó gé okùn náà lẹ́ẹ̀kan. Ìgbòkun tú, ó ń pa ara rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ bí adìyẹ tí wọ́n mú, ọkọ̀ sì padà dúró, omi dé orúnkún wa.

Kò sẹ́ni tó rì. Gàrí lọ, ìkòkò lọ, fóònù Ẹ̀gbọ́n lọ, àjẹ̀ kan lọ. Ìyá kan tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja lọ sọ́jà bá wa he àjẹ̀ náà, ó dá a padà, ó wo ìgbòkun wa, ó wo èmi tí mo ṣì di abẹ́rẹ́ mú, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi kọjá. Igbá méjì la fi gbọ́n omi. Àbúrò gbọ́n omi ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò sọ̀rọ̀.

A retí pé yóò ṣe bó ṣe máa ń ṣe, kó bínú, kó ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ibo ló fẹ́ gbà, lórí omi? Mo sì ṣàkíyèsí ohun kan: kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ ọn. Kì í ṣe sùúrù o. Ẹ̀rù ṣì ń bà wá ni.

Àárín àwa àgbà ni ìjà ti ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ yẹn, ní Aguégué, nílé ìbátan Bàbá. Bàbá ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn mọ́. Èmi náà gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ méje mìíràn wà nínú ọkọ̀, wọ́n ní ìyá. Ẹ̀gbọ́n ní rárá, Àbúrò ni kó di okùn náà mú lọ́la, Àbúrò gan-an, láàárọ̀. Ó ní tí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ohun tí yóò gbé délé ni pé òun lòun fẹ́ pa wá, yóò sì fi í kún ti ọ̀gá mẹ́ta tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ohùn ròkè. Ọmọ onílé jí, ó ń sunkún.

Mi ò gbà nígbà yẹn. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Bàbá ló dìde láàárín àríyànjiyàn náà, ó jáde. Nígbà tí mo yọjú, mo rí òun àti Àbúrò lórí pèpéle iwájú ilé, pẹ̀lú àtùpà. Bàbá di etí kan aṣọ mú, Àbúrò di okùn. Bàbá á máa fà á díẹ̀díẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn, lójijì á fà á pátápátá, á kígbe pé "Jó!" Lédè Ègùn, kó fi sílẹ̀ ló ń wí. Létí tiwa, ijó ni. Ìgbà àkọ́kọ́, Àbúrò di okùn mú sí i, ó fà á ya Bàbá lọ́wọ́. Ìgbà kejì bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mú, ó gbọ́dọ̀ bá a jà. Wọ́n ṣe é tó ogún ìgbà. Àwọn ọmọ tó kù jí, wọ́n jókòó wò wọ́n, wọ́n ń bá Bàbá kígbe "Jó! Jó!" wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Àbúrò náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀, Bàbá fún un ní okùn tuntun. Ó jókòó tì í, ọ̀bẹ wà lórí itan rẹ̀, kò fi pa mọ́. Afẹ́fẹ́ ṣe wá lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé Àjàṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kíní, Bàbá kígbe, Àbúrò tú okùn. Lẹ́ẹ̀kejì, nítòsí afárá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ìgbòkun kàn tú wẹ̀rẹ̀, ó tún wú padà. Bàbá ń jẹ ẹ̀pà lọ ní tirẹ̀. Jílé sì wà lọ́rùn ọmọ náà, ó so ó dé àgbọ̀n.

Ibi tí a ti kùnà nìyí, ó sì yẹ kó wà lákọsílẹ̀: a kò ní ètò kankan fún ọjọ́ kẹfà. A gbé àwọn ọmọ sílẹ̀ létí omi, a bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kálukú gba ilé lọ. Àbúrò padà sí ìkóríta kpayo. Ká ní kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ lọ́dọ̀ mi ni, mi ò bá má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ló dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun fẹ́ wo ìgbòkun tó ya. Mo fún un ní abẹ́rẹ́. Ó ń bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹnu ọjọ́ Sátidé kan ni mo ti gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wù ú, mo sì mọ ọ̀gá kan tó ń tún un ṣe létí ọ̀sà. Mo bá a lọ. Owó ìkọ́ṣẹ́ ni wàhálà, a dá a jọ láàárín ara wa, ìyá rẹ̀ san ìdajì.

Lẹ́yìn oṣù kan ló sá. Ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀gá náà jágbe mọ́ ọn lójú oníbàárà. Ọjọ́ karùn-ún, ó padà lọ, kò sẹ́ni tó rán an. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ kì í tètè dé ní ọjọ́ Ajé.

Àwọn kan lókè òkun tí Ẹ̀gbọ́n kọ̀wé sí fún owó jílé fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́. Àpótí kan wà nínú rẹ̀ tí a ó ti kọ iye ọmọ tí ayé wọn yí padà, nọ́ńbà nìkan. Ẹ̀gbọ́n ní kí n bá òun ronú sí i. Mo bi í bóyá ọjọ́ Ajé wà lára ohun tí wọ́n ń kà.

Ìgbòkun ọkọ̀ àkọ́kọ́ wà lórí ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Ibi tí ọ̀bẹ Bàbá ti há aṣọ nígbà tó ń gé okùn, Àbúrò ló lẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àpò ìrẹsì aláwọ̀ búlúù. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ́, ó sì fa òwú náà le jù, gbogbo etí rẹ̀ sún kì. Bó bá jẹ́ aṣọ oníbàárà ni, ǹ bá ti tú u.